Àmì Orí Ogún

Àárọ̀ Jímọ̀ ni, oòrùn kò tíì mú, mo sì ń gún inú bátìrì rédíò nínú odó kékeré kan tí a kì í gún ata nínú rẹ̀ mọ́. Ohun dúdú tó wà nínú bátìrì a máa le koránkorán bó bá ti kú tán. Sùúrù ló gbà, nítorí bó bá ta sí èèyàn láṣọ, kò sí ọṣẹ tó lè mú un kúrò. Ìyá àgbà aládùúgbò wa jókòó sórí àpótí níwájú mi, ó ń rún ewé ẹ̀gẹ́ sínú abọ́ omi. Òórùn ewé tútù yẹn àti ti bátìrì, tó dà bí irin tó dípẹtà, dà pọ̀ lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ní òdìkejì ògiri, àwọn ahunṣọ bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfì mẹ́fà ń dún lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ tí òwú wà nínú rẹ̀ ń sáré láti ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí òsì.

"Má jẹ́ kó kúnná jù," ló wí. "Bó bá kúnná jù, á máa ṣí kúrò bí ìyẹ̀fun."

Bí mo bá gún un tán, a ó pò ó mọ́ omi ewé náà, a ó fi àkísà kùn ún sára pátákó ìkọ̀wé rẹ̀, pátákó á sì dúdú padà bí ìdí ìkòkò. Ó fẹ́ràn láti máa sọ pé bátìrì tó gbé ìròyìn wá fún wa láàárín ọ̀sẹ̀ ló tún ń di ibi tí a ó kọ ọ́ sí. Mi ò rí ohun tó dùn nínú ọ̀rọ̀ yẹn nígbà náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, ọwọ́ mi dúdú dé ìgúnpá, eré ló sì wà lọ́kàn mi.

Ìyá Pátákó ni gbogbo àdúgbò wa ní Ìsẹ́yìn ń pè é. Ó ti lọ sí Mẹ́kà, ó yẹ kí wọ́n máa pè é ní Àlájà, ṣùgbọ́n Lẹ́mọ́mù nìkan ló máa ń rántí. Ẹ má bínú pé mò ń pè é ní "ó" nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lójúkojú, "ẹ̀yin" ni, lórí ìkúnlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi pé bí a bá ń kọ ìtàn, kí a jẹ́ kí ẹnì kan jẹ́ ẹnì kan, kí òǹkàwé má baà rò pé ogunlọ́gọ̀ ló wà níbẹ̀. Ìtàn ló fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kan tó jìnnà sí wa. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n bi í léèrè ohun tí wọn ó fi ta á lọ́rẹ, pátákó kíláàsì rẹ̀ ló ní òun fẹ́. Aago ògiri làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà. Ọkọ̀ akẹ́rù tó wá kó iṣu ló bá a gbé e wálé, bàbá mi àti ahunṣọ mẹ́rin ló sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ó gbé pátákó náà ti igi dóńgóyárò, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ ìlú sí i ní gbogbo Jímọ̀, kí àwọn ọkùnrin tó ti mọ́ṣáláṣí dé. Kì í gùn. Á kọ́kọ́ kọ ohun tí rédíò sọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an bí òun ṣe rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun kan tó ti ṣẹlẹ̀ rí láyé àtijọ́ tó jọ ọ́. Mo ṣì kéré gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sọ fún mi nípa ọ̀sẹ̀ tí àwọn ológun kan lé àwọn ológun ẹgbẹ́ wọn kúrò lórí àga. Rédíò ń kọ orin ológun láti àárọ̀, ọ̀gágun kan sì wá ka ìwé pé ìjọba ti yí padà. Ohun tí Ìyá Pátákó kọ ni pé: "Rédíò ní ìjọba yí padà. Ìjọba kò yí padà. Ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ ló yí padà, kò sì bi yín kó tó jókòó." Àwọn ahunṣọ rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan nínú wọn já òwú.

Ọ̀rọ̀ ló máa ń bá jà, kì í bá èèyàn jà. Bí ẹnì kan bá wí lójú rẹ̀ pé àwọn ológun gba ìjọba, á gbé orí sókè.

"Wọ́n gbà á? Ta ló fún wọn?"

"Kò sẹ́ni tó fún wọn, mà."

"Wọ́n já a gbà nìyẹn. Sọ pé wọ́n já a gbà."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn èèyàn á ya sídìí igi náà kí wọ́n tó lọ sílé. Ẹni tó mọ̀wé á kà á, ẹni tí kò mọ̀wé á gbọ́, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀. Ìyá Pátákó á jókòó sórí àpótí rẹ̀, á máa jẹ wàrà tí obìnrin Fúlàní kan máa ń gbé wá fún un, kò sì ní dá sí wọn àfi bí ẹnì kan bá ṣi ìtàn sọ. Nígbà náà ni yóò sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé, "Rárá o, ọba yẹn ti wàjà kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Jókòó." Àgbàlagbà ọkùnrin oníyàwó mẹ́ta á sì wá ibi jókòó sí.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ó ń rí èèyàn bó bá kọjá, ó ń mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ṣọ́ọ̀kì kọ ti di kùrukùru lójú rẹ̀. Ó wá bẹ bàbá mi pé kí èmi máa wá kọ ọ́ fún òun, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé mi gún, a sì jọ pín ògiri. Bó ṣe di pé èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ Nàìjíríà nìyẹn, èmi tí mi ò tíì dé Ìbàdàn rí.

Àmì ni wàhálà mi. Gbogbo àmì ló fẹ́, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Bó bá pe ọ̀rọ̀ kan, á fi ìka ta àpótí rẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú ohùn ọ̀rọ̀ náà, á dúró, á sì béèrè.

"Kí ló wà lórí èyí tó ṣáájú?"

"Àmì ìsàlẹ̀, mà."

"Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

"Kò lámì, mà. Àárín ni."

"O ṣeun."

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí a ń ṣe gbogbo èyí, nígbà tó jẹ́ pé ìwé ìròyìn tí bàbá mi ń rà kì í sábà fi àmì sí nǹkan kan. Kò bínú. Ó ní, "Bí o kò bá fi àmì sí i, ẹni tó ń kà á ló kọ ọ́ yẹn. Kì í ṣe ìwọ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ọ̀rọ̀ yẹn gba etí kan wọlé, ó gba èkejì jáde.

Ọdún náà le. A ti dìbò, àwọn ológun sì ní kò sí ìbò kankan tí a dì. Ní àwọn ìlú ńlá, àwọn ọmọ ilé ìwé gíga wà lójú títì, táyà ń jó, rédíò sì ń sọ pé gbogbo nǹkan wà ní ìrọ̀rùn. Lọ́dọ̀ tiwa, epo bẹntiróòlù ti wọ́n, òwú kò dé láti Ìbàdàn mọ́, mẹ́ta nínú òfì mẹ́fà bàbá mi sì ti dákẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ahunṣọ tí kò ríṣẹ́ ṣe á jókòó lábẹ́ igi náà láti àárọ̀, wọn á máa wo pátákó bí ẹni pé ó fẹ́ ṣèlérí nǹkan kan fún wọn. Ìyá Pátákó kò dẹ́kun. Ó so ẹ̀rọ rédíò rẹ̀ mọ́ etí, ó fi òwú òfì so irin orí rẹ̀ tó ti dá, ó ń gbọ́ ti ìjọba, ó sì ń gbọ́ ti òkè òkun, kó lè mọ ibi tí irọ́ wà.

Ní Jímọ̀ tí mo ń gún bátìrì yìí, ó fẹ́ lọ kí olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí ọkọ rẹ̀ kú ní Ìgànná. Alùpùpù tí yóò gbé e ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó ni ín kò sì fẹ́ pa á nítorí bó bá kú, ó lè má dáhùn mọ́. Bàbá mi kò sí nílé. Ó ti lọ sí Ṣakí láti wá òwú tó ń gba ẹnubodè wọlé. Ìyá Pátákó ń pe ọ̀rọ̀, mò ń kọ, ariwo alùpùpù sì wà láàárín wa.

Ohun tó pè fún mi rèé, mo mọ̀ ọ́n sórí títí dòní: "Rédíò ní ẹ kò dìbò. Ẹ dìbò. Nígbà kan, ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé ká, àwọn ọba sì sá wá sí Ìgbòho nítòsí wa níbí. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ débi pé ọba ń kú, ọba ń jẹ. Síbẹ̀ wọn kò sọ pé Ìgbòho ni Ọ̀yọ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n padà sílé. Ẹ dìde, ẹ gbé ogún wa."

Ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ló kù nínú páálí rẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí òmíràn lè gbà dé nígbà tí ọkọ̀ kò rin. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ó gùn tó ìka mi. Nígbà tí mo kọ "ẹ gbé" tán, tí mo fi àmì rẹ̀ sí i, kò ju ẹ̀pà méjì lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ń dúró dè mí lórí pèpéle sìmẹ́ǹtì ilé wa, kí á lè ṣe súwè, eré tí a máa ń fi ẹsẹ̀ kan fò nínú àwọn ilé tí a bá yà sílẹ̀. Èédú la fi ń yà á tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ a sì máa pa á rẹ́. Mo ti ṣèlérí ṣọ́ọ̀kì fún wọn. Mo kọ "ogun", mo kọ "wa". Ó ku àmì kan péré, èyí tó yẹ kó wà lórí "ogún". Mo wo ṣọ́ọ̀kì náà, mo rò pé bí mo bá dáwọ́ dúró báyìí, á tó ya súwè. Mo sọ ọ́ sínú ìṣẹ́po ìró mi.

"O fi gbogbo àmì sí i?" ló béèrè, ó ti ń na ọwọ́ fún ọ̀pá rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ṣeun, ọmọ ahunṣọ." Ó gun alùpùpù náà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó so gèlè rẹ̀ le, wọ́n sì lọ sínú eruku pupa.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin dé láti ìrun, kò sí òun níbẹ̀, kò sí bàbá mi. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ahunṣọ, ẹni tó ka ìwé jù láàárín wọn, ló bọ́ síwájú láti kà á. Ó kà á dáadáa. Ó mọ àmì, Ìyá Pátákó ló kọ́ ọ lábẹ́ igi yẹn. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí kò bá lámì, ohùn àárín ni. Ó dé ìlà tó gbẹ̀yìn, ó dúró, ó tún un wò, ó sì kà á bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an: "Ẹ dìde, ẹ gbé ogun wa."

Bàbá àgbàlagbà kan ní, "Ìyá yìí kò lè sọ bẹ́ẹ̀." Ọ̀dọ́ náà fi ìka hàn án. "Bàbá, ẹ wo òkè níbi tí wọ́n kọ 'ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé ká'. Bí tibí ṣe rí náà nìyẹn. Ìyá Pátákó kì í gbàgbé àmì."

Mo wà lórí pèpéle, ẹsẹ̀ mi kan wà nílẹ̀, èkejì wà lókè. Mo gbọ́ ohun tó kà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó sọ nìyẹn. Bí mo bá là á yé wọn, mo ní láti sọ nípa ṣọ́ọ̀kì, ṣọ́ọ̀kì náà sì wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi níbẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ kan fò bọ́ sí ilé kejì. Ìyẹn ló ń dùn mí ju àmì lọ. Àmì, mo lè ní ọmọdé ni mí. Fífò yẹn, mi ò rí ohun tí mo lè sọ nípa rẹ̀.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ti gé igi, wọ́n ti gbé e dí ọ̀nà Ọ̀yọ́, wọ́n sì ń pariwo ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n fọ́ dígí ọkọ̀ ọlọ́pàá kan. Òkúta ba ọmọkùnrin kan lórí, wọ́n rán ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù. Kò sí ẹni tó kú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá Pátákó dé bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, wọ́n gba ọ̀nà oko gbé e wọlé, ó sì lọ sùn pẹ̀lú èrò pé ọ̀rọ̀ ìlú ńlá ló ti dé ọ̀dọ̀ wa. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọlọ́pàá dé. Ọ̀gá wọn wọ aṣọ ilé, ó bọ́ bàtà kó tó wọ ààlà ilé rẹ̀, ó sì kí i dáadáa. Mo dúró lẹ́bàá odó bátìrì.

"Ìyá, ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni."

"Ẹ ní kí wọ́n gbé ogun."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ogún ni mo sọ. Ohun tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa. Ẹ̀tọ́ láti yan ẹni tí yóò ṣàkóso wa."

Ọkùnrin náà tẹ̀ síwájú, ó wo pátákó náà fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé kò fẹ́ kó rí bó ṣe rí. "Ìyá, ẹ fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ fi í sí. Èyí nìkan ni kò lámì."

Ìyá Pátákó dìde. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún wá pátákó náà, ó fi ìka tọ ìlà tó gbẹ̀yìn bí ẹni ń tọ ojú ọgbẹ́, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì kì í ṣe ohun tí ìka lè kà. Ńṣe ló ń pa á rẹ́.

"Kò sí àmì lórí rẹ̀?"

"Kò sí, mà."

Ó yí ojú síbi tí mo dúró. Mi ò mọ̀ bóyá ó rí mi tàbí ó gbọ́ bí mo ṣe ń mí. Gbogbo ohun tí mo nílò kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, èmi ni mà, mi ò sì rí wọn sọ. Ó tún yíjú sí ọkùnrin náà.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ló wí. "Mo gbàgbé àmì."

Wọ́n fún un láyè kó mú bùtà alùwàlá rẹ̀ àti tẹ̀sùbáà. Wọ́n gbé pátákó náà sẹ́yìn ọkọ̀ pé ẹ̀rí ni. Gbogbo àdúgbò dúró wò ó bó ṣe ń lọ, òun níwájú, pátákó lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ mi ṣì wà lára rẹ̀.

Bàbá mi dé láti Ṣakí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òwú díẹ̀ wà ní èjìká rẹ̀. Ó jókòó sídìí òfì láti tú u wò. Mo lọ bá a níbẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo fi ohun tó kù lára ṣọ́ọ̀kì náà lé e lọ́wọ́, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé yóò nà mí. Ó wo ohun kékeré yẹn lọ, ó wò ó bọ̀.

"Torí èyí?"

"Torí súwè, sà."

Kò nà mí. Ó ní kí n lọ wẹ̀, kí n wọ aṣọ iléèwé mi. A fẹsẹ̀ rìn lọ sí tẹ́ṣàn, òun ló sì ṣáájú mi. Mo fẹ́ kó nà mí.

Ọ̀gá náà gbọ́ wa tán. Ó fún mi ní ìwé àti bírò pé kí n kọ ìlà tó gbẹ̀yìn. Mo kọ ọ́, mo sì fi àmì náà sí i ní tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní kí wọ́n pe Ìyá Pátákó wá láti inú. Nígbà tó jáde, mo rí i pé kò ní gèlè lórí, irun rẹ̀ funfun bíi ti òwú tí a kò tíì pa láró. Mi ò rí irun rẹ̀ rí.

"Ìyá, ọmọ yìí ní òun ló kọ ọ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé náà sì jọra."

"Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìkọ̀wé," ni Ìyá Pátákó wí. "Kí ló dé tí kò ní jọra?"

"Òun kọ́ ló kọ ọ́ fún yín?"

"Rárá. Ọmọ náà fẹ́ràn mi ni. Ó rò pé bí òun bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó fi mí sílẹ̀." Ó kọjú sí bàbá mi. "Ahunṣọ, mú ọmọ rẹ lọ sílé. Má jẹ́ kó kọ orúkọ rẹ̀ sí ibì kankan níbí."

Obìnrin tó lè bá rédíò jà fún ọ̀sẹ̀ kan torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló parọ́ yìí níwájú mi, tí ojú rẹ̀ kò sì yí padà. Bàbá mi dì mí lọ́wọ́ mú. Ìgbà tí a jáde ló tó ní, "O rí ohun tí o ṣe." Ohùn rẹ̀ kò le. Ẹ̀rù ló wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ó ti rù, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, wọn kò sì dá pátákó padà. Ó ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní kọ ọ̀rọ̀ ìjọba sí gbangba mọ́. Àwọn ahunṣọ wá kí i, ọ̀dọ́ tó ka ìwé náà ń sunkún, ó ní kó ṣe sùúrù, àwọn á kan pátákó tuntun. Ó ní rárá. Ó ní òun ti fọwọ́ sí i, òun kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lọ́la pé orúkọ òun wà lábẹ́ irọ́ méjì. Kò sí ẹni tó mọ èyí tó ti wà nílẹ̀, àfi èmi àti bàbá mi.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó pè mí. Mo ń fi òrí ra ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ka ìlà tó gbẹ̀yìn fún mi."

Mo sọ ọ́ láti orí. "Ẹ dìde, ẹ gbé ogún wa."

"O gbọ́ bó ṣe dún? Lẹ́nu rẹ, àmì wà níbẹ̀. Lẹ́nu gbogbo wọn ló wà. Orí pátákó nìkan ni kò sí. Ìwọ parọ́ nítorí ṣọ́ọ̀kì. Èmi parọ́ nítorí ìwọ. A ó jọ máa gbé e."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó jẹ́ kí n sun ún tó, ó sì ní kí n má gbàgbé ẹsẹ̀ kejì.

Ó tún lo ọdún mélòó kan láyé lẹ́yìn náà. Ó ṣì ń gbọ́ rédíò, ṣùgbọ́n bí àwọn èèyàn bá ti ìrun Jímọ̀ dé, tí wọ́n béèrè pé, "Ìyá, báwo lẹ ṣe rí i?", á ní, "Ẹ ti gbọ́ ọ bí rédíò ṣe sọ ọ́." Kò ní fi nǹkan kan kún un. Ibi tí pátákó náà ti máa ń fara ti igi dóńgóyárò dán, èèpo rẹ̀ kò sì hù padà. Mo máa ń gba ibòmíràn kọjá kí n má baà rí i.

Iṣẹ́ sáìnbọ́ọ̀dù ni mò ń ṣe ní Ṣakí báyìí, ti ọ̀dà àti ti ẹ̀rọ. Gbogbo Yorùbá tó bá jáde láti ṣọ́ọ̀bù mi ló ní àmì, ìbáà ṣe ti oníṣu ìbáà ṣe ti mọ́ṣáláṣí. Àwọn oníbàárà máa ń bá mi jà. Ọ̀kan ní kí n yọ gbogbo kòkòrò tó wà lórí orúkọ òun kúrò. Ìyá Alámì ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn, mo sì gbọ́. Bí wọ́n bá ní ó ti pọ̀ jù, mo máa ń ní kí wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Bàbá mi, tó ti darúgbó, mọ ìdí rẹ̀. Ọkọ mi kò mọ̀ títí di ọdún yìí.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí tí ìlú tún gbóná, tí àwọn ọ̀dọ́ tún ń jáde sójú títì, ọmọkùnrin kan gun ọ̀kadà wá bá mi, ó fẹ́ ṣe páálí tí wọn ó gbé lọ́wọ́. Ó ti tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí fóònù rẹ̀, láìsí àmì kankan: OGUN WA NI NAIJIRIA. Mo kà á. Mo gbé gíláàsì ojú mi kúrò, mo tún gbé e wọ̀.

"Èwo ni ẹ fẹ́ sọ? Ogún wa ni Nàìjíríà, àbí ogun wà ní Nàìjíríà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni, mà?"

Mo ní kó jókòó. Mo pè é lọ́nà méjèèjì fún un, mo ń fi ìka ta tábìlì. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó tẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láago, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jiyàn nínú fóònù, ti èyí lókè, ti ìyẹn nísàlẹ̀. Ó pẹ́. Oníbàárà méjì wọlé, wọ́n sì tún jáde. Mi ò kánjú. Mo dúró dè wọ́n bí mi ò ṣe dúró ní ọjọ́ súwè.

Nígbà tó ṣe, ó gbé fóònù kalẹ̀. "Ogún ni, mà," ló wí. "Ẹ fi àmì sí i kó hàn."

Mo ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà tán, mo sì fi àmì lé e lórí, ó tóbi, ó nípọn, ó gùn tó ìka mi.